Ẹnu Ni A Fi Ń Pèsè Ọ̀rọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Obìnrin Òṣìṣẹ́ Tí Yóò Sọ̀rọ̀ Láwùjọ

Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ètò kan fún ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ wa. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́. Ojú ewé 12 ni mo tẹ̀ jáde, mo tò ó sínú fáìlì, mo sì gbàgbọ́ pé mo ti ṣe tán. Mo ka ojú ewé mẹ́ta tán ni iná lọ. Fèrèsé yàrá náà kéré, òjò sì ti ṣú, nítorí náà n kò rí ìwé ọwọ́ mi kà mọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ṣí ìwé, mo ń pa á dé. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ìgbìmọ̀ náà, tí kò fi ohùn líle sọ ọ́ rárá, bi mí pé, “Ọmọ mi, kí ni o fẹ́ kí á ṣe gan-an?” Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò ju gbólóhùn kan lọ, àmọ́ n kò rí i sọ. Ojú ewé kẹsàn-án ló wà, ibi tí n kò tíì kà dé.

Ọjọ́ náà ni ó yé mi pé ohun tí mo kọ sínú ìwé kò tíì di ọ̀rọ̀. Ẹnu ni a fi ń pèsè ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn obìnrin ṣe ìdánrawò ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, olùkọ́, apòògùn, ẹnjiníà, òṣìṣẹ́ báńkì àti ti ìjọba ìbílẹ̀, ohun kan náà ni mo ń rí: wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dunjú, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò tíì gba orí ọ̀rọ̀ náà kọjá rí kí wọ́n tó dúró níwájú ènìyàn.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin nílẹ̀ wa, kò mọ ìtàn ilé wa. Ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìsẹ́yìn àti àgbègbè wọn, ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ ni í sun ẹkún ìyàwó. Òun ni yóò dúró, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbè é, níwájú bàbá, ìyá àti gbogbo ẹbí. Yóò ki oríkì ìdílé rẹ̀, yóò dúpẹ́ ìtọ́jú, yóò tọrọ ìre, yóò sì sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú ibi tó ń lọ. Àgbàlagbà ọkùnrin a máa nu omi ojú nù níbi tó jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kì í ṣe akéwì, ó sì lè má tíì sọ̀rọ̀ níwájú èrò rí. Bí ó ṣe ń rí i ṣe ni pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣáájú ìgbéyàwó ni yóò ti máa kọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin tó mọ̀ ọ́n, yóò máa sun ún nídìí iṣẹ́ ilé, títí ẹnu rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà náà débi pé bí ẹkún gidi bá gbọ̀n ọ́n lọ́nà ọ̀fun, ọ̀rọ̀ kò ní í sọnù. Ohun tí mo fẹ́ kí obìnrin òṣìṣẹ́ máa ṣe nìyẹn. Àwọn ìyá wa ti ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó máa tẹ ìwé lórí rẹ̀.

Gbólóhùn kan ṣáájú ohun gbogbo

Kí ẹ tó mú bíró, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí bàbá yẹn bi mí: kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ẹ fi gbólóhùn kan ṣoṣo dáhùn, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Bí ó bá ń di gbólóhùn mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé ẹ̀yin fúnra yín tó.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Kí á ní apòògùn kan fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ra fíríìjì tuntun. Ínsúlínì tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà níbi tí òtútù rẹ̀ wà láàrin 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá pẹ́ nínú ooru, agbára rẹ̀ a dín kù, bí ó bá sì dì bíi yìnyín, kò ṣeé lò mọ́. Apòògùn náà mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀:

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, n kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, n kò sì ní í fi àkókò yín ṣòfò. Mo kàn fẹ́ sọ díẹ̀ lórí ìtọ́jú oògùn, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti àwọn ìṣòro tó ń kojú ẹ̀ka wa láti bí ọdún mélòó kan…”

Alága ti ń wo aago. Ẹ gbọ́ èyí wàyí:

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà wa. Fíríìjì tí à ń tọ́jú ínsúlínì sí kò tutù dáadáa mọ́, ìgò 14 la sì dànù ní oṣù tó kọjá. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí ríra fíríìjì kan tó ní bátìrì, kí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ má bàa tún ba oògùn jẹ́. Màá sọ iye tí yóò ná wa, màá sì sọ iye tí à ń pàdánù bí a kò bá rà á.”

Bí iná bá lọ níbí yìí, kò sí ohun tó bàjẹ́. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ti mọ ohun tí ó bá wá.

Ìdánrawò

Nígbà tí gbólóhùn yẹn bá ti dúró, ẹ kọ kókó mẹ́ta péré sórí káàdì kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ má kọ gbólóhùn tán. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti rántí kókó kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá dìde dúró nínú yàrá yín, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni pé àwọn ènìyàn náà wà níwájú yín. Jíjókòó sọ ọ́ nínú ọkàn kì í ṣe ìdánrawò, nítorí inú ọkàn kì í kọsẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ kò ní í dára. Ẹ ó gbàgbé kókó kejì, ẹ ó sọ “ṣé ẹ rí i” ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ ó sì dé àárín gbólóhùn kan tí ẹ kò ní í mọ bí ẹ ó ṣe jáde níbẹ̀. Ẹ má padà sídìí ìwé. Ẹ tún un sọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ìgbà kẹta, ẹ ó rí i pé gbólóhùn tó gùn jù ń já sí méjì fúnra rẹ̀, àti pé ẹnu yín ti kọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dára nínú ìwé ṣùgbọ́n tí kò ṣeé pè. Ní ìgbà karùn-ún tàbí ìkẹfà, ọ̀rọ̀ náà yóò ti di tiyín. Gbólóhùn méjì péré ni kí ẹ kọ́ sórí pátápátá: èyí tí ẹ ó fi ṣí ọ̀rọ̀ àti èyí tí ẹ ó fi pa á dé. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń pọ̀ jù, ìparí sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti máa ń rọra yọ́ kúrò pẹ̀lú “ó tán, ẹ ṣeun,” lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ lórí fóònù. Kì í dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú láti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, nítorí a máa ń gbọ́ ohùn wa láti inú egungun orí wa lójoojúmọ́, èyí sì máa ń jẹ́ kó kí ju bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń gbọ́ ọ lọ. Ẹ fara dà á. Ohun méjì ni kí ẹ máa tẹ́tí sí: ibi tí ẹ ti ń sáré, àti ibi tí ohùn yín ti ń lọ sílẹ̀ ní ìparí gbólóhùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi ní í dé etí ará ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹnìkan tí kò mọ iṣẹ́ yín, àbúrò tàbí ọmọ tó ti tó ọdún 12, kí ẹ sọ ọ́ fún un, kí ẹ sì ní kí ó sọ fún yín ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má bá a wí. Ọ̀rọ̀ yín ni kí ẹ tún ṣe.

Ní ti àkókò, ẹni tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ 130 sí 150 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ 3,000 sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 ti pinnu láti sáré tàbí kí wọ́n dá a dúró. Bí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni kí ẹ pèsè, nítorí ìkíni yóò gba díẹ̀, ẹni tó ń tún makirofóònù ṣe yóò sì gba ìyókù.

Ìkíni, ìkúnlẹ̀ àti òwe

Níbí ni mo ti máa ń bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin jiyàn jù. Àwọn kan nínú wọn ti gbọ́ pé bí obìnrin bá ti kúnlẹ̀ kí àgbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́, nítorí náà wọ́n fẹ́ wọlé ìpàdé kí wọ́n kàn mi orí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, bí ẹ kò bá kí àgbà bó ṣe yẹ, ìkíni tí ẹ kò kí ni wọn yóò máa rò ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀. Ìkúnlẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ obìnrin di yẹpẹrẹ. Ohun tó ń sọ ọ́ di yẹpẹrẹ ni àforíjì tí kò nídìí, bíi “n kò mọ̀ bóyá mo tọ̀nà o,” “èrò kékeré kan ni mo ní,” “ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù.” Ìkíni ń bọlá fún olùgbọ́, àforíjì yẹn ń bu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kù, kò sì ṣe olùgbọ́ láǹfààní kankan.

Nítorí náà, ẹ tètè dé. Ẹ kí àwọn àgbà níjòókòó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ bí ẹ bá ti ń kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ béèrè àlàáfíà ilé. Nígbà tí ó bá wá kan yín láti sọ̀rọ̀, ẹ dìde dúró ṣánṣán, ẹ fi gbólóhùn kan kí gbogbo ilé, kí ẹ sì wọ inú ọ̀rọ̀. Bí ayẹyẹ bá jẹ́ irú èyí tí a ní láti dárúkọ àwọn èèyàn pàtàkì, ẹ béèrè lọ́wọ́ olóòtú ètò ní àárọ̀ ọjọ́ náà ẹni tí yóò wà níbẹ̀ àti bí oyè wọn ṣe tò tẹ̀ léra. Orúkọ oyè tí a bá ṣì pè níwájú aṣojú Ṣọ̀ún tàbí ti Aláàfin kì í ṣe ohun tí ìlú ń tètè gbàgbé.

Òwe ní agbára tí ọ̀pọ̀ obìnrin òṣìṣẹ́ kì í lò tó. Bí apòògùn wa bá dé ibi tí ó fẹ́ kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ fíríìjì sí oṣù mìíràn, ó lè ní, “A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Tótó, ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà.” Wọn yóò dá a lóhùn pé, “Ẹ ó rí òmíràn pa.” Ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn, ó ti rí ibi mí, gbogbo yàrá ti fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ sí i, àwọn àgbà sì ti fún un ní àṣẹ láti tẹ̀ síwájú. Òwe kan tó. Méjì kò burú. Ẹni tó bá pa mẹ́fà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò jíṣẹ́ tí wọ́n rán an mọ́.

Èémí, ohùn àti ohun tí ọwọ́ ń ṣe

Ọkàn tó ń lù kìkì, ẹnu tó ń gbẹ, ọwọ́ tó ń gbọ̀n: ara ló ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ádírẹ́nálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, bí ìgbà tí ajá bá lé ènìyàn. Kì í ṣe àmì pé ẹ kò yẹ níbẹ̀. Ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ fún ogún ọdún náà ń rí i. Èémí ni ìjánu rẹ̀. Kí wọ́n tó pè yín, ẹ fa èémí sínú nípa imú títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, kí ẹ sì rọra tú u jáde títí ẹ ó fi ka mẹ́fà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Títú u jáde pẹ́ ju fífà á sínú lọ ni ó ń jẹ́ kí ọkàn rọlẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò kan wà nínú àwọn tí a jọ ń ṣe ìdánrawò, tí ìwé máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ẹfun ìkọ̀wé sí i lọ́wọ́. Ó wo ẹfun náà. Ó yípadà díẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó ní, “Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ń rí pátákó?” A kò ní pátákó nínú yàrá yẹn rárá. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó fi béèrè ni ohùn tó ti ń fi kọ́ ọmọ 60 ní kíláàsì kan láti ọdún pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n mọ́. Láti ìgbà náà, mo máa ń bi obìnrin kọ̀ọ̀kan pé níbo ni ohùn rẹ̀ ti máa ń balẹ̀: ṣé ní wọ́ọ̀dù ni, ní kíláàsì ni, àbí nídìí káńtà? Ohùn yẹn ni kí ó gbé wá sí ìpàdé. Kò ní láti lọ yá ti ẹlòmíràn.

Ẹni tó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ní ẹrù kan tí ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ kò ní. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ó ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Ìbẹ̀rù a máa gbé gbogbo ohùn sókè, a sì máa mú wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyára a sì pa wọ́n pọ̀, tí olùgbọ́ yóò fi máa mefò ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí bí ara yín ti fẹ́, kí ẹ sì pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn nọ́ńbà tàbí ìbéèrè pàtàkì, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó dà bí ọdún kan létí ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ létí àwọn tó ń gbọ́.

Nígbà ọyẹ́, ní nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, ọ̀nà ọ̀fun a máa gbẹ gan-an lọ́dọ̀ wa. Ẹ máa mu omi láti àárọ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ti dé orí pèpéle.

Ní ti aṣọ, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní. Ẹ wọ ìró náà nílé, ẹ gbé apá méjèèjì sókè, ẹ jókòó, ẹ dìde. Bí ó bá tú, ẹ fi bẹ́líìtì dì í mọ́ abẹ́ bùbá. Gèlè tó bá bo etí yóò jẹ́ kí ẹ máa pariwo láìmọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tó ń kan makirofóònù tí wọ́n fi há aṣọ yóò máa ró bí òjò orí páànù.

Ẹ di makirofóònù ọwọ́ mú ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu, kí ẹ má sì dúró níwájú sípíkà, nítorí ibẹ̀ ni igbe ẹ̀rọ tó ń gún etí ti ń wá. Ẹ pèsè ara yín bí ẹni pé iná yóò lọ: àwòrán tí ẹ fẹ́ fi hàn lórí ògiri, ẹ tẹ ẹ̀dà mélòó kan rẹ̀ sórí ìwé. Bí ìpàdé bá jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé fóònù tàbí kọ̀ǹpútà sórí ìwé títí kámẹ́rà yóò fi bá ojú yín dọ́gba, kí ẹ sì jẹ́ kí fèrèsé wà níwájú yín, kì í ṣe lẹ́yìn yín.

Èdè wo ni kí a fi sọ ọ́?

Èdè tí olùgbọ́ fi ń ṣe ìpinnu ni. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ sì ni; kì í ṣe pé kò gbọ́ èdè òyìnbó. Síbẹ̀, nígbà tí ó ń kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ láti tako owó orí ní ìparí àwọn ọdún 1940, Yorùbá ni ó yàn láti máa fi sọ̀rọ̀, aṣọ ìbílẹ̀ ni ó sì ń wọ̀, kí àwọn ìyá ọlọ́jà lè mọ̀ pé tiwọn ni. Ní ọdún 1949, ìjà wọn mú kí Aláké ìgbà náà fi orí oyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó bá lọ bá àwọn obìnrin ọjà Akẹ̀sán sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ kó èdè yunifásítì lọ. Bí ó bá ní, “Bí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà wá kí á tún un wọ̀n, ẹ má dúró de orí fífọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í fún ènìyàn ní àmì kankan,” ìyá tó ń ta ata yóò gbé e lọ sílé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìpàdé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó sọ, kí ó sọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n, kí ó má ṣe yí ohùn padà láti fara wé ará Amẹ́ríkà. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí yunifásítì náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, mọ èdè méjèèjì débi tí àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́. Olùkọ́ ni kí ó tó di oníròyìn, oníròyìn ni kí ó tó di agbẹjọ́rò. Iṣẹ́ tí a fi ọ̀rọ̀ ṣe lójoojúmọ́ ni gbogbo wọn. Ẹnu tí a kò lò kò lè dá ṣáṣá.

Bí wọ́n bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ yín lẹ́nu

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó jókòó ní gbólóhùn kejì nítorí pé ọkùnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ má jókòó. Ẹ má sì gbé ohùn sókè, nítorí bí ẹ bá gbé e sókè, ohùn yín ni wọn yóò máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí ìpàdé bá tú ká. Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wo ojú ẹni náà, kí ẹ ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó ku gbólóhùn méjì, mo ń bọ̀ wá sórí ohun tí ẹ sọ.” Kí ẹ sọ gbólóhùn méjì náà ní tòótọ́, kí ẹ sì padà sórí ohun tí ó sọ ní tòótọ́. Ẹni tó bá mú ìlérí yẹn ṣẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọn kì í sábà já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu ní ìgbà kẹta.

Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni pé obìnrin yóò mú èrò kan wá, yàrá yóò dákẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọkùnrin kan yóò sọ ohun kan náà, wọn yóò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ má ṣe fi ìbínú gbà á padà. Ẹ ní, “Inú mi dùn pé Ọ̀gá kín ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.” Akọ̀wé yóò kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí obìnrin méjì bá ti jọ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó wọlé pé bí ọ̀kan bá sọ ohun tó dára, èkejì yóò dárúkọ rẹ̀: “Mo fara mọ́ ohun tí Dókítà sọ lẹ́ẹ̀kan.” Kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti ń ṣe é fún ara wọn tipẹ́.

Ní ti orúkọ tí wọ́n ń pè yín, ẹ fi ọgbọ́n yan èyí tí ẹ ó dáhùn sí. Bí bàbá 80 ọdún bá pè yín ní “ọmọ mi” tàbí “ìyàwó wa,” ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ dókítà tí olóòtú ètò sì ń pè yín ní nọ́ọ̀sì níwájú àwọn aláìsàn, iṣẹ́ yín ni ó ń ṣì sọ, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín: “Dókítà ni mí, sà. Nọ́ọ̀sì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nìyí.” Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, kò sì sí ẹni tó sọ pé ọ̀rọ̀ rere kò gbọdọ̀ ṣe tààrà.

Bí wọ́n bá béèrè ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó mú ìdáhùn wá, kí ẹ sì mú un wá lọ́jọ́ náà. Bí ìbéèrè bá gùn ju ọ̀rọ̀ yín lọ, ẹ fi gbólóhùn kan tún un sọ kí ẹ tó dáhùn. Yóò yé gbogbo ilé, ẹ̀yin náà yóò sì rí àyè ronú.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má fi ìgbìmọ̀ ńlá ṣe ìdánrawò àkọ́kọ́. Ibi kéékèèké pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ ní ilé ìwé ọmọ yín, ẹgbẹ́ àwọn tí ẹ jọ jáde ní ilé ìwé girama, ẹgbẹ́ alásàlátù ní mọ́sálásí. Níbẹ̀, bí ẹ bá kọsẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn yín ló wà níjòókòó. Ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀, ẹ kọ ohun kan tó lọ déédéé àti ohun kan tí ẹ ó yí padà sínú ìwé kékeré kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan péré ni o, kì í ṣe mẹ́wàá.

Àwọn alájẹṣẹ́kù tiyín náà yóò ṣèpàdé kí oṣù yìí tó parí. Ẹnìkan ní láti dìde sọ fún wọn iye tó wà nínú àpò, iye tí wọ́n yá jáde, àti ìgbà tí owó yóò wọlé. Ẹ pe akọ̀wé ní alẹ́ òní, kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin ni ẹ ó ṣe é, kí ẹ wá dìde dúró nínú yàrá yín kí ẹ sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu.